Eyín Tó Wà Lórí Páànù

"Morádéyọ̀, ara rẹ gbóná ju bó ṣe yẹ lọ," ni ohùn inú ògiri wí. "Jọ̀wọ́, jókòó síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́."

Irọ́ gbuu! Ara Morádéyọ̀ kò gbóná. Ó dúró ní kíṣìnnì ní tiẹ̀, ó fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sẹ́nu, ó ń yí orí sọ́tùn-ún sósì jẹ́jẹ́ kí omi náà lè ráyè dé ihò tí wọ́n ti fa eyín yọ. Ṣànyà tó fa eyín náà ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ yọ ẹnu tagbáratagbára, kò sì gbọdọ̀ tutọ́ rárá, ì báà jẹ́ pé inú ń bí i. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ihò yẹn ló bo egbò. Bó bá fi lè ṣí kúrò, eegun á wà níta gbangba, ìyà tó sì máa jẹ ẹ́, kó má tiẹ̀ rò ó wò. Nítorí náà, ńṣe ló la ẹnu sórí básíà, ó jẹ́ kí omi náà máa dà jáde fúnra rẹ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́.

Ọjọ́ kẹta rèé tí eyín ti kúrò. Ṣànyà ní ọjọ́ kẹta ni wíwú máa ń le jù, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ó le lóòótọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ti wú dé abẹ́ ojú, awọ ibẹ̀ ń dán, èèyàn á ní odindi ọsàn ló kì bọ ẹnu. Ẹnu ọ̀hún kò là ju kí ṣíbí kékeré wọlé lọ. Ògì tútù ló ń lá, orí ìrọ̀rí gíga ló ń sùn, inú sì ń bí i. Inú ń bí i sí ògì, inú ń bí i sí ìrọ̀rí, inú sì ń bí i jù sí ohùn inú ògiri yẹn, tí kì í kí èèyàn, tó máa ń pe ìyá rẹ̀ àgbàlagbà lórúkọ bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wọ́n.

"Morádéyọ̀, ara rẹ tún ti gbóná sí i."

Ìgbà yìí ló tó sọ sí i lọ́kàn. Kì í ṣe ara rẹ̀ ni ohùn yẹn ń wọ̀n. Eyín ni. Eyín ìlú tí wọ́n fi sí i lẹ́nu nígbà tó dàgbà tán, bí wọ́n ṣe fi sẹ́nu gbogbo ará Ọ̀sàgbẹ, òun ni Ṣànyà fà yọ. Inú ife omi iyọ̀ lójú fèrèsé ló yẹ kó wà, kó máa lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ìjọba lè máa rò pé ó ṣì wà lẹ́nu ẹni tó ni ín.

Ó bojú wo fèrèsé. Ife méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan kò ní nǹkan kan nínú ju omi iyọ̀ lọ. Eyín wà nínú ìkejì, àmọ́ eyín kékeré ni, ó funfun bí ẹyọ àgbàdo. Eyín ọmọ rẹ̀ ni. Ṣíjúadé, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló ń jẹ ìpékeré láàárọ̀ tí eyín iwájú rẹ̀ yọ sí i lọ́wọ́. Ó ti rí i pé inú ife ni ìyá òun ń fi eyín sí, ni òun náà bá wá ife tiẹ̀.

"Ìyá!" Ohùn rẹ̀ jáde bíi ti ẹni tí wọ́n fi aṣọ dí lẹ́nu. "Ẹ̀yin ìyá mi!"

Wúràọlá, ìyá rẹ̀, wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó di ọwọ́ Ṣíjúadé mú. Àwọn méjèèjì ti làágùn, inú wọn dùn.

"Eyín tó wà nínú ife ńkọ́?"

"A ti jù ú," ni ìyá àgbà wí. "Mo bá ọmọ jù ú sórí páànù. Ó di ojú, èmi náà di ojú, alángbá kankan ò rí i. Kò ní í pẹ́ tí tuntun á fi hù."

"Èwo lẹ jù?"

"Èwo ni mo jù kẹ̀? Eyín ọmọ ni."

Morádéyọ̀ gbé ife kejì, ó nà án sí i. Ojú ìyá àgbà ti ń ṣe bàìbàì tipẹ́. Ó sún ife mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún sún un mọ́. Nígbà tó rí ohun tó wà nídìí ife, ó ká ọwọ́ lérí.

"Yéè! Mo gbé o!"

"Mo sọ fún ìyá àgbà pé ó ti tóbi jù," ni Ṣíjúadé wí. "Wọ́n ní èmi náà ni mo ti ń dàgbà."

Ta ni kì í ju eyín ọmọ sórí páànù? Gbogbo wa ni wọ́n jù tiwa, gbogbo wa ni wọ́n sọ fún pé alángbá ò gbọdọ̀ rí i, kí òmíràn lè hù. Àmọ́ páànù ayé àtijọ́ kọ́ ni páànù Ọ̀sàgbẹ. Ọ̀sà ló wà níbẹ̀ rí, kó tó gbẹ, kí wọ́n tó kọ́lé sórí yanrìn rẹ̀. Ooru ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Páànù tó ń fi oòrùn ṣe iná ni wọ́n fi bo gbogbo ilé, ó dúdú kirikiri, tó bá di ọ̀sán báyìí èèyàn lè yan gààrí lórí rẹ̀. Orí ohun tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ ni eyín Morádéyọ̀ wà.

"Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo sọ pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan ife yẹn?"

"Má pariwo mọ́ mi. Ìbínú ò da nǹkan. Ẹnu ẹ á tún..."

"Ẹ fi ẹnu mi sílẹ̀!"

Kó tó parí ọ̀rọ̀, ohùn inú ògiri ti já a gbà. "Morádéyọ̀, ooru ara rẹ ti kọjá àlà. Aṣọ́yín wà ládùúgbò. Ó ń bọ̀ wá wò ọ́. Má ṣe kúrò nílé."

Aṣọ́yín! Wúràọlá wá ibi jókòó sí. Àwọn aṣọ́yín ló ń ti ilé dé ilé yẹ eyín àwọn èèyàn wò, ẹni tí wọ́n bá sì rí i pé eyín ìlú kò sí lẹ́nu rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń kó. Wọ́n ní ẹni tí ìlú kò lè rí kò lè tọ́ ọmọ ìlú. Ẹ bi Ìyá Dúró tó ń gbé ní iwájú wọn gan-an. Òwú ló fi ń fa tiẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó lè mì, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi òmíràn sí i lẹ́nu lọ́jọ́ náà, wọ́n sì kó ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì lọ sí Ilé Ìtọ́jú. Láti ìgbà náà, obìnrin yẹn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Á kàn jókòó síwájú ilé rẹ̀ lórí àpótí.

Morádéyọ̀ wo ọmọ rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ já, inú tún bí i pé ọkàn òun já. Kí ló ṣe? Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Ó tó oṣù mélòó kan tí eyín yẹn ti ń jẹ ẹ́ níyà. Ó lọ sí Ilé Eyín, ó tún lọ, ó lọ títí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì á gbé ẹ̀rọ ọwọ́ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, á wojú ẹ̀rọ, á ní, "Ẹ̀rọ sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe eyín yín, mà."

"Eyín yẹn gan-an ló ń dùn mí!"

"Ẹ̀rí eyín ni òfin gbà, mà. Ó ní kò dùn yín."

Ẹ gbọ́ mi o, ẹ̀yin èèyàn! Olè ni wọ́n ní kó wá jẹ́rìí pé òun ò jalè. Eyín yẹn mọ ibi téèyàn wà, ó mọ bí ara ṣe gbóná tó, ó mọ ìgbà tí ẹ̀rù bá ń bà èèyàn, torí pé ó ń tọ́ ọ wò nínú itọ́ àti nínú òógùn. Ìrora nìkan ni kò mọ̀. Ìbínú náà, kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ṣe é kò kọ́ ọ ní ìyẹn. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìrora ẹlòmíràn ṣe? Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni wọ́n ń wá. Bó ṣe di pé Morádéyọ̀ lọ bá Ṣànyà tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe nìyẹn, tó fi ẹ̀mú fa á yọ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ọyún sì tú jáde nídìí rẹ̀ pẹ̀lú òórùn burúkú. Láti ìgbà náà, tó bá fẹ́ jáde, á fi eyín náà há ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún bí ọmọdé tó fi súìtì pamọ́, kí ẹnu ọ̀nà àdúgbò lè mọ̀ ọ́n. Tó bá délé, á dá a padà sínú omi gbígbóná díẹ̀, torí pé bó bá tutù pẹ́nrẹ́n, wọ́n á kọ ọ́ mọ́ àwọn tó kú. Ó ti ronú pé bí wíwú bá ti fà tán, òun á wá bí òun ṣe máa ṣe é. Ẹ wá wo ibi tí eyín wà báyìí.

"Ìyá, ẹ dìde! Ẹ bá mi di àkàbà mú."

Ó gun àkàbà. Gbogbo ìgbà tó bá gbé ẹsẹ̀ sókè ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń lù kì kì kì. Tó bá tẹ orí wálẹ̀, á dà bíi pé ẹ̀jẹ̀ gbogbo ara ya lọ síbẹ̀. Ó yọjú sórí páànù, ooru gbá a lójú. Ibi tí páànù méjì ti pàdé ni eyín náà há sí, ó ń kọ yànrànyànràn. Alángbá kan, olórí pupa, dúró tì í, ó ń mi orí bí ẹni tó gbà pé òótọ́ ni.

"Kúrò níbẹ̀, ẹran burúkú!" Alángbá sá. Morádéyọ̀ na ọwọ́, eyín jó o ní ìka, ó jù ú sílẹ̀, ó tún mú un. Ó fi etí ìró wé e, ó ń fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ iṣu gbígbóná, omijé ń dà lójú rẹ̀. Bí kò ṣe Ṣíjúadé tó wà nísàlẹ̀, ì bá fi òkúta lọ eyín náà kúnná níbẹ̀. Ó fi í sẹ́nu lápá ọ̀tún.

"Morádéyọ̀, ara rẹ ti ń balẹ̀," ni ohùn ilé wí láti inú. "O ṣeun."

Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀, aṣọ́yín ti dé iwájú ilé. Ọ̀gbẹ́ni Akínkúotu ni, ọkùnrin onírun funfun díẹ̀, ó gbé àpótí kékeré kan dání, ó ń fi áńkáṣífù nu ọrùn. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Òun ló wá kó àwọn ọmọ Ìyá Dúró. Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ìyá Dúró jókòó sórí àpótí rẹ̀ bó ṣe máa ń jókòó.

"Ẹ kú ọ̀sán o, Ìyá Ṣíjú. Ẹ káàsán, mà," ó kí ìyá àgbà. "Wọ́n ní ara yín gbóná." Ó wo ojú Morádéyọ̀. "Kí ló ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín?"

"Agbọ́n ló ta á," ni Wúràọlá sáré dáhùn. "Agbọ́n ńlá báyìí, ọmọ mi. Orí ló yọ ọ́."

Akínkúotu gbé ẹ̀rọ ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú Morádéyọ̀. Ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ sókè, gbogbo àdúgbò gbọ́. "Morádéyọ̀ wà níwájú ilé rẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ẹ̀rù kò bà á. Kò sí ìrora. Kò sí wíwú."

Òótọ́ sì ni pé ẹ̀rù kò bà á. Inú tó ń bí i kò jẹ́ kí ẹ̀rù ráyè.

Akínkúotu tún wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú kẹ̀ǹbẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ó dára," ó ní. "Kò sí wíwú." Ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ ojú ẹ̀rọ láti fi gbà pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò, òun sì jẹ́rìí sí i.

"Ọ̀gá," ni Morádéyọ̀ wí pẹ̀lú ìdajì ẹnu, "ẹ ò rí mi ni?"

"Wọn ò gbà mí síṣẹ́ nítorí ojú mi, Ìyá Ṣíjú. Ohun tí eyín bá sọ ni mò ń mú lọ."

Wúràọlá fún ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ pọ̀. Ó parí! Ọkùnrin náà ti yí ẹ̀yìn. Òmùgọ̀ eyín tó fẹ́ pa á náà ló tún yọ ọ́. Bóyá ayé ì bá dùn mọ́ wọn lọ́jọ́ náà bí kò bá ṣe Ṣíjúadé. Láti àárọ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ń kìlọ̀ fún un pé kó má rẹ́rìn-ín níta, kó pa ẹnu dé, kí aṣọ́yín má bàa rí i pé eyín rẹ̀ ti yọ. Àmọ́ ọmọdé ni. Ó gbọ́ tí àgbàlagbà kan wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá òun tó ní kò wú, ẹ̀rín pa á. Ó rẹ́rìn-ín kèèkèè, ẹnu rẹ̀ là gbàgà, ihò eyín iwájú sì hàn ketekete.

Akínkúotu yí padà. "Àh-àh! Ọmọ wa ti yọ eyín!" Inú rẹ̀ dùn, ó tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè rí i dáadáa. "Ẹ ò sì fi tó wa létí. Ṣé ẹ mọ òfin tuntun? Bí eyín àkọ́kọ́ bá ti yọ, ibẹ̀ náà ni tìlú ń wọ̀, a kì í dúró de ìgbà tọ́mọ bá dàgbà mọ́. Mo ní tọmọdé lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ n fi sí i kí n tó lọ, kẹ́ ẹ má ṣe wàhálà débẹ̀." Ó ṣí àpótí. Eyín kékeré kan wà nínú rẹ̀ lórí òwú, ó funfun, ó rẹwà. "Wá, ọmọ dáadáa. Kò ní í dùn ẹ́."

Kò ní í dùn ẹ́.

Ohun tí wọ́n sọ fún Morádéyọ̀ náà nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n fi tiẹ̀ sí i. Ohun tí wọ́n sọ fún un ní Ilé Eyín nìyẹn ní gbogbo ìgbà tó fi ń sunkún níwájú wọn. Kò dùn yín. Kò ní í dùn yín. Ó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bó bá dákẹ́, ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àmọ́ wọ́n á fi nǹkan yìí sí i lẹ́nu, bó bá sì jẹrà lọ́jọ́ iwájú, kò sẹ́ni tó máa gbà pé ó ń dùn ún. Bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè kó ọmọ lọ lónìí.

"Sùúrù," ni ìyá rẹ̀ ń sọ sí i létí. "Morádéyọ̀, mo fi ọmú tó o mu bẹ̀ ẹ́, sùúrù."

Ṣíjúadé ti ń sá sẹ́yìn. Akínkúotu na ọwọ́ sí àgbọ̀n rẹ̀.

Morádéyọ̀ gbá ọwọ́ náà mú. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè. Gbogbo ohun tí Ṣànyà sọ wá sí i lọ́kàn, ẹ̀jẹ̀ tó dì, egbò, eegun, kò sì bìkítà. Ó tutọ́. Ó fi gbogbo agbára tutọ́, tìbínú-tìbínú, eyín ìlú jáde pẹ̀lú itọ́ àti ẹ̀jẹ̀, ó bọ́ sínú ọwọ́ aṣọ́yín pọ̀ọ̀. Ìrora là á lórí bí àáké. Ó dúró.

"Ẹ bi í léèrè," ó ní. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lágbọ̀n rẹ̀. "Òun ló ń jẹ́rìí, àbí? Ẹ bi í bó bá dùn mí!"

Akínkúotu fẹ́ gbọn ọwọ́, ó rántí pé eyín tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni. Bó bá jẹ́ kó tutù sí i lọ́wọ́, ohun tí wọ́n máa kọ ni pé Morádéyọ̀ kú lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì sì ti gba àtàǹpàkò rẹ̀ pé gbogbo nǹkan pé sẹ́nu obìnrin yìí. Bó bá ní wọ́n ti fa á yọ, wọ́n á bi í pé kí wá ni òun jẹ́rìí sí. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú bí ẹni tó gbé ẹyin dání. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níbẹ̀.

Ẹ̀rọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. "Morádéyọ̀ wà níwájú ilé rẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀." Òógùn náà dé ara eyín. "Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀rù ń ba Morádéyọ̀ gidigidi."

Ohùn inú ògiri náà gbà á láti inú ilé. "Morádéyọ̀, fọkàn balẹ̀. Kò sí ohun tó máa ṣe ọ́."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín nínú àwọn aládùúgbò, ó sì tètè pa á mọ́nú.

"Èmi kọ́ ni ẹ̀rù ń bà, ọ̀gá," ni Morádéyọ̀ wí. "Ẹ̀yin ni."

Wúràọlá ló gbé ife omi iyọ̀ wá. Akínkúotu rọra da eyín sínú rẹ̀. Ó pa àpótí dé. Ó ní òun ò rí nǹkan kan, ohun tí ẹ̀rọ sọ lòun máa mú lọ, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má jẹ́ kó tún gbóná mọ́. Kò kí ẹnikẹ́ni kó tó lọ. Ìyá àgbà fi òwú di ihò ẹnu Morádéyọ̀, ó ń bú u, ó ń sunkún. Ṣíjúadé di ìró ìyá rẹ̀ mú, kò fi sílẹ̀. Morádéyọ̀ fi eyín di òwú náà mú típẹ́típẹ́. Inú ṣì ń bí i. Ó mọ̀ pé ẹlòmíràn á wá lọ́la tàbí lọ́tùn-únla, ó sì mọ̀ pé egbò òun ti bàjẹ́, wíwú yìí á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà náà ni Ìyá Dúró dìde lórí àpótí. Ó sọdá títì. Àwọn èèyàn yà fún un, torí wọn ò rántí ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó dúró níwájú Morádéyọ̀, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dáadáa, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án pẹ̀lẹ́.

"Ó wú," ó ní. Ohùn rẹ̀ há, bíi ti ẹni tó pẹ́ tó ti lò ó. "Ó wú púpọ̀. Pẹ̀lẹ́ o."

Omijé bọ́ lójú Morádéyọ̀. Láti ìgbà tí eyín yìí ti ń dùn ún, obìnrin yẹn ni ẹni ìlú àkọ́kọ́ tó wo ojú rẹ̀ tó sọ ohun tó rí.

Ìyá Dúró la ẹnu, ó fi ìka tọ́ka sí eyín ẹ̀yìn. "Tèmi rèé. Ẹ ránṣẹ́ sí Ṣànyà kó máa mú ẹ̀mú rẹ̀ bọ̀."

"Ìyá Dúró, ẹ rọra, wọ́n á gbọ́," ni Wúràọlá wí.

"Kí wọ́n gbọ́. Àwọn ọmọ mi ò sí nílé. Kí ló kù tí wọ́n fẹ́ kó?"